Bí A Ṣe Ń Ṣe Ọjọ́ Iṣu Ládùúgbò: Ìtọ́sọ́nà fún Àwa Tí A Wà ní Àbújá

Ìgbà àkọ́kọ́ tí àwa ọmọ Yorùbá àdúgbò wa ní Kubwa ṣe Ọjọ́ Iṣu, oṣù kẹjọ la mú. Iṣu tuntun ti ń wọ̀lú, ọ̀fun ń dá gbogbo wa tòló. Nígbà tó fi máa di agogo méjì ọ̀sán, ìjì ti gbé kánópì kan lọ, iyán tí a gún rọ̀ dẹ̀dẹ̀ bí ẹ̀kọ tí kò dì, ọ̀gá ńlá kan tí a ní kó wá ṣí ètò kò sì tíì dé. Ẹnì kan pàṣẹ pé ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ bu oúnjẹ títí ọ̀gá á fi dé. Agogo márùn-ún ni ọ̀gá wọlé. Ojú iyán ti le, ìsàlẹ̀ rẹ̀ sì ti ń làágùn nínú kúúlà.

Láti ìgbà yẹn, ọ̀rọ̀ kan ni mo máa ń bá ẹgbẹ́ tó bá pè mí jókòó sọ: iyán kì í dúró de ẹnikẹ́ni. Ẹ kọ́kọ́ mú aago tí ọmọ odó máa kan odó, kẹ́ ẹ wá máa ka ohun gbogbo padà sẹ́yìn láti ibẹ̀: ọjọ́, ilẹ̀, iṣu, iná, omi, àlejò. Bí mo ṣe ń ṣe é rèé. Àpẹẹrẹ èèyàn 300 ni mo mú, torí ohun tí àdúgbò kan lè gbé láì jẹ gbèsè nìyẹn.

Ọjọ́

Nílé lọ́hùn-ún, ní Èkìtì àti Oǹdó, àsìkò tí iṣu tuntun bá jáde ni wọ́n ń ṣe ọdún ìjẹṣu. Ìyẹn ní ètùtù tirẹ̀, ó sì ní àwọn tó ni ín. Ọjọ́ Iṣu ti àwa kì í ṣe ìyẹn, ọjọ́ oúnjẹ ni. Ẹ má pè é ní ọdún ìjẹṣu nínú ìwé ìkésíni. Bí ẹ bá pè é bẹ́ẹ̀, ẹnì kan á béèrè ẹni tó ṣètùtù, ẹlòmíì á ní ẹ̀sìn òun kò gbà á, ìpàdé mẹ́ta gbáko á sì tán sórí orúkọ.

Sátidé kẹta tàbí ìkẹrin nínú oṣù kọkànlá ni mo fara mọ́. Òjò Àbújá máa ń bẹ̀rẹ̀ ní bí oṣù kẹrin, ó ń lọ di oṣù kẹwàá, inú oṣù kẹjọ àti ìkẹsàn-án ló sì ti máa ń rọ̀ jù. Yàtọ̀ sí òjò, ẹ wo iṣu fúnra rẹ̀. Èyí tí wọ́n bá wa jáde ní oṣù keje sí ìkẹjọ, ńṣe ni àgbẹ̀ rọra tú ẹ̀gbẹ́ ebè, tó gé iṣu náà kúrò lára okùn rẹ̀, tó tún fi ilẹ̀ bo ìdí okùn pa dà kó lè ta èbù. Omi ṣì pọ̀ nínú irú iṣu bẹ́ẹ̀. Ó dùn ní sísè, ó dùn ní sísun, ṣùgbọ́n lódó ó máa dójú tì yín. Iṣu tó gbó, tí ewé rẹ̀ ti gbẹ lórí kó tó jáde nínú ebè, ìparí ọdún ló ń kún ọjà. Ìyẹn niṣu iyán. Bí ẹ bá tún wá sún un di àárín oṣù kejìlá, ìdajì yín á ti wà nínú mọ́tò tó ń lọ sílé fún Kérésì.

Ní ti aago, mo máa ń fi ọmọ odó àkọ́kọ́ sí agogo mọ́kànlá àárọ̀. Èèyàn á ti máa jẹun kó tó di ọ̀sán gangan, odó á sì ti fẹ́rẹ̀ẹ́ dákẹ́ nígbà tí àwọn mùsùlùmí bá ń lọ kírun Àìlà. Ẹni tó bá fi í sí agogo mẹ́ta ń wá wàhálà, torí ètò Yorùbá tí wọ́n bá fi sí mẹ́ta, márùn-ún ló ń bẹ̀rẹ̀, ilẹ̀ á sì ṣú mọ́ yín lọ́wọ́ nídìí ìkòkò.

Ilẹ̀ àti àṣẹ

Pápá ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ló dára jù: ó ní ògiri, ó ní ilé ìgbọ̀nsẹ̀, kì í sì í ṣe ti ìjọ tàbí mọ́ṣáláṣí ẹnì kankan. Ẹ má fọ̀rọ̀ ẹnu gba ààyè lọ́dọ̀ ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́ kẹ́ ẹ sì sinmi. Ẹ kọ ìwé sí ẹ̀ka tó ń bójú tó ẹ̀kọ́ ní Area Council yín, ìyẹn ìjọba ìbílẹ̀ ti Àbújá, kẹ́ ẹ gba èsì tó ní òǹtẹ̀. Bó bá jẹ́ ọgbà ìgbafẹ́ inú ìlú lẹ fẹ́, ẹ̀ka Parks and Recreation lẹ ń lọ. Ẹ fi ẹ̀dà ìwé ránṣẹ́ sí DPO, ọ̀gá ọlọ́pàá àdúgbò, ní ó kéré tán ọ̀sẹ̀ méjì ṣáájú.

Ohun tó ń bá ọ̀pọ̀ èèyàn lójijì rèé: kì í ṣe gbogbo ibi tí à ń pè ní Àbújá ni Àbújá. Area Council mẹ́fà péré ló wà ní FCT, ìyẹn agbègbè olú-ìlú ìjọba àpapọ̀: AMAC (ti àárín ìlú Àbújá), Bwari, Gwagwalada, Kuje, Kwali àti Abaji. Mararaba àti New Karu, ìpínlẹ̀ Nasarawa ni wọ́n wà. Suleja àti Madalla, Niger ni. Ẹni tó ń ṣe tirẹ̀ ní Mararaba tó wá gbé ìwé lọ sí ọ́fíìsì ìjọba ní Àbújá, ìwé yẹn ò wúlò fún un.

Ẹ má sì gbàgbé onílẹ̀. Kí ìjọba tó yọ FCT jáde ní 1976, àwọn Gbagyi ti ń kọ ebè níbí, wọ́n ṣì ń kọ ọ́ di òní ní Kwali, Kuje àti Bwari. Àlejò là ń ṣe lọ́dọ̀ àgbẹ̀ iṣu. Ẹ mú obì àti iṣu márùn-ún tó dára, kẹ́ ẹ lọ kí ọba àdúgbò, yálà Agora ni ní Zuba, Sapeyi ní Garki, tàbí Ona ní Abaji. Ẹ bẹ̀ wọ́n kí àwọn ìyá Gbagyi wá pàtẹ tiwọn, lọ́fẹ̀ẹ́. Lọ́dún kejì tá a ṣe é, ìyá kan gbé iṣu rẹ̀ wọ pápá lórí èjìká, gẹ́gẹ́ bí wọ́n ṣe máa ń ru ẹrù, àwọn ọmọ wa sì ń rẹ́rìn-ín. Bàbá kan nínú wa ló pè wọ́n jókòó, ó ní àwọn Gbagyi gbà pé orí ló ń darí ara, a kì í di ẹrù lé e. Ó ní kí wọ́n sọ fún òun bóyá ọ̀rọ̀ orí yẹn ṣàjèjì létí ọmọ Yorùbá. Ẹ̀rín dá.

Iye iṣu

Iṣu tó wọn kílò 3, tẹ́ ẹ bá bẹ ẹ́ tán, bíi kílò 2 ààbọ̀ ló máa ṣẹ́ kù. Tó bá di iyán, ó máa yọ àwo márùn-ún tó ṣe é fún àgbàlagbà, nígbà míì mẹ́fà. Fún èèyàn 300, mo máa ń ka 60 fún iyán, 15 fún dùndú, 10 fún àsáró, 10 fún iṣu sísun, 10 fún àtẹ àti ìdíje. Ẹ fi 10 lé e fún àdánù. 115 nìyẹn. Àwọn kan á ní ó ti pọ̀ jù. Iṣu tó bá ṣẹ́ kù ṣeé tà. Iṣu tí kò tó, orúkọ ẹgbẹ́ ló máa bà jẹ́.

Ọjà

Ọ̀pọ̀ iṣu tó ń wọ Àbújá, Benue, Niger àti Nasarawa ló ti ń wá. Zaki-Biam ní Benue wà lára àwọn ọjà iṣu tó tóbi jù lọ ní Nàìjíríà, ṣùgbọ́n fún iṣu 115, ọ̀nà yẹn jìn. Zuba tàbí Gwagwalada tó yín. Ẹni méjì ni kó lọ: ẹni tó mọ iṣu, àti ẹni tó gbọ́ Hausa. Kì í ṣe dandan kó jẹ́ Hausa tó jinlẹ̀. Kó ṣáà mọ̀ pé doya ni iṣu, kó lè sọ pé nawa ne (èló ni?), kó lè fi ẹ̀rín sọ pé a rage mana (ẹ bá wa dín in kù). Nígbà tí mo sọ fún bàbá oníṣu kan pé iyán la fẹ́ gún, ó wò mí, ó mi orí, ó ní, "Yarbawa da sakwara!" (Yorùbá àti iyán!) Ó wá kúrò nídìí òkìtì tó ń fi hàn wá látàárọ̀, ó mú wa lọ sẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù. Ẹ̀yìn yẹn ni iṣu wà.

Ìpele tí mi ò jẹ́ fò rèé. Ní Sátidé tó ṣáájú, ẹ ra iṣu kan ṣoṣo lórí òkìtì tó wù yín, ẹ gbé e lọ sílé, ẹ gún un. Ẹ bi oníṣu nípa orúkọ rẹ̀ àti ibi tó ti wá, kẹ́ ẹ kọ ọ́ sílẹ̀. Àwọn Tiv á dárúkọ Hembamkwase, àwọn kan á ní Pepa ni, Ogoja ni. Ẹ gbọ́ orúkọ, ẹ má gbà á gbọ́. Iṣu tó ní orúkọ kan náà, tó bá jẹ́ ilẹ̀ omi ló ti wá, kò ní fà. Odó ilé yín ló máa sọ òótọ́. Bó bá fà, ẹ pe oníṣu lórí fóònù ní ọjọ́ Ajé, kẹ́ ẹ sọ iye tẹ́ ẹ fẹ́, kẹ́ ẹ lọ kó o ní Ọjọ́rú. Ẹ má lọ ní ọjọ́ Ẹtì. Àárẹ̀ àti ìkánjú ni wọ́n fi ń ra iṣu burúkú.

Tẹ́ ẹ bá débẹ̀, ẹ yẹ iṣu wò lọ́kọ̀ọ̀kan. Èékánná ni kẹ́ ẹ fi ha èèpo rẹ̀ díẹ̀: tí abẹ́ rẹ̀ bá funfun tó sì lẹ̀ mọ́ ọwọ́, ó wà láàyè, tó bá ti pọ́n tàbí tó dúdú, ẹ gbé e sílẹ̀. Àtàǹpàkò ni kẹ́ ẹ fi tẹ orí rẹ̀ àti ìdí rẹ̀, torí ibẹ̀ ni jíjẹrà ti ń bẹ̀rẹ̀. Èyí tó ní ihò tóótòòtó lára, kòkòrò ti bá a ṣeré. Èyí tó gbóná ní ọwọ́ ní òwúrọ̀ kùtùkùtù, inú ọkọ̀ ni oòrùn ti sè é, inú rẹ̀ á ti di omi láì hàn lóde. Ẹ ṣọ́ra fún òkìtì tí wọ́n to àwọn gbọ̀ǹgbọ̀ síta tí wọ́n fi kéékèèké há inú. Ẹni tó ń tò ó kì í ṣe olè, ọjà ló ń ṣe. Ẹ ṣáà ní kó tú u.

Tí mai baro, ẹni tó ń fi bárò kó ẹrù, bá fẹ́ bá yín kó o sínú ọkọ̀, ẹ san owó díẹ̀ lé e fún un kó má ju ú. Iṣu tó bá forí gbọgbẹ́ lọ́jọ́ Ọjọ́rú, ọjọ́ Sátidé ó ti ń rùn. Èyí tó bá ṣẹ́ sí méjì, ẹ má sọ ọ́ nù. Ẹ ta á fún ara yín nílé, tàbí kẹ́ ẹ jẹ ẹ́ lálẹ́ ọjọ́ yẹn. Nílé, ẹ to iṣu sórí pákó lábẹ́ ibòji, kí afẹ́fẹ́ máa gba àárín rẹ̀. Ẹ má fi tapolí bò ó. Mo rí ibi tí wọ́n ti fi tapolí dúdú bo iṣu 80 mọ́jú nítorí olè. Olè ò wá, ooru jẹ iṣu.

Odó

Ibí ni gbogbo ọ̀rọ̀ wà. Odó ńlá kan, irú tí àwọn ìyá olóúnjẹ ń lò, ń gba iṣu mẹ́ta lẹ́ẹ̀kan. Iṣu 60 jẹ́ odó ogún. Tí ẹ bá ní odó mẹ́rin, ọ̀kọ̀ọ̀kan á gún ẹ̀ẹ̀márùn-ún. Láti ìgbà tí iṣu bá bọ́ sínú odó títí tí iyán á fi jáde, kí wọ́n nu ẹnu odó kí òmíràn tó wọlé, ẹ ka ìṣẹ́jú 25. Márùn-ún rẹ̀ jẹ́ wákàtí méjì ó lé ìṣẹ́jú márùn-ún. Bẹ̀rẹ̀ ní mọ́kànlá, ẹ máa parí ní nǹkan bí agogo kan. Ẹni tó ní odó méjì ló máa gún títí di alásàrí, èèyàn á sì ti bínú lọ.

Agúnyán mẹ́ta fún odó kan, àti mẹ́rin tó máa ń gba ọwọ́ wọn. Mẹ́rìndínlógún nìyẹn. Àwọn ọ̀dọ́kùnrin máa ń yọ̀ǹda ara wọn lórí WhatsApp. Ẹ kọ orúkọ ogún sílẹ̀. Ẹ dán wọn wò ní ọ̀sẹ̀ kan ṣáájú, torí ẹni tó ní agbára yàtọ̀ sí ẹni tó mọ iyán í gún. Ẹ fi odó lé orí ilẹ̀ gidi tàbí yanrìn, ẹ tẹ́ àpò sábẹ́ rẹ̀. Lórí interlock, ìdí odó á máa yọ̀, ariwo rẹ̀ á sì pa ẹ̀rọ gbohùngbohùn.

Bí ẹ ṣe máa se iṣu náà tún ṣe pàtàkì. Ẹ bẹ ẹ́ láti agogo mẹ́jọ, ẹ máa jù ú sínú omi kó má baà pọ́n. Ẹ gé e kó dọ́gba. Bí ọ̀kan bá nípọn, tí ìkejì fẹ́lẹ́, ọ̀kan á ti jinná, ìkejì ṣì le, èyí tó le yẹn ni yóò di kókó. Ẹ gbé ìkòkò àkọ́kọ́ kaná ní agogo mẹ́wàá ó lé ìṣẹ́jú márùndínlógún, kẹ́ ẹ sì máa gbé ìkòkò kọ̀ọ̀kan tẹ̀ lé ara wọn ní ìṣẹ́jú 25. Ẹ má sè é pa pọ̀. Iṣu tó bá jinná tó wá ń dúró de odó nínú omi gbígbóná á mu omi yó, iyán rẹ̀ á sì rọ̀.

Ìyá kan láti Iléṣà ló kọ́ àwọn ọmọ wa ní gígún, mo sì dúró tì í wò ó. Kò gbé ọmọ odó sókè rárá ní àkọ́kọ́. Ó fi í tẹ iṣu mọ́lẹ̀, ó ń yí i, ó ń fọ́ ọ, títí tí kò fi sí èyí tó dá dúró nínú odó. Èéfín ṣì ń jáde. Ẹnì kan na ife omi sí i, ó gbá a lọ́wọ́: "Omi wo? Ìwọ fẹ́ fi omi rẹ bo kókó mọ́lẹ̀?" Ìgbà tó fọ́ tán ló tó dìde, àwọn ọmọkùnrin méjì sì bá a gbè é, gbì, gbì, gbì, ọmọ odó kan ń lọ, ìkejì ń bọ̀, wọn ò kan ara wọn. Nígbà tí iṣu bẹ̀rẹ̀ sí í lẹ̀ mọ́ ọmọ odó tó ń fà bí gọ́ọ̀mù, ó ní kí wọ́n dúró. Ó ti ọwọ́ bọ omi tútù, ó fi àtẹ́lẹwọ́ wá inú iyán kiri, ó yọ kókó kan tó tó ẹyọ ẹ̀wà, ó jù ú síta, ó ní, "Ọ̀kan yìí ni àlejò á rí." Lẹ́yìn náà ló tó ta omi gbígbóná sí i, ìwọ̀n ṣíbí méjì, wọ́n sì gún un lẹ́ẹ̀kejì. Ìró odó yí pa dà. "Gbì" di "pọ̀". Ó ní ìró yẹn ló ń sọ pé ó ti tó, kì í ṣe ojú.

Ẹ bù ú sínú ewé tẹ́ ẹ bá rí ewé tó tóbi, irú èyí tí àwọn tó ń ta ewé mọ́ínmọ́ín máa ń kó wá, kẹ́ ẹ tó gbé e sínú kúúlà. Ọ̀rá náà ń ṣiṣẹ́, ṣùgbọ́n ó ń mú un làágùn, mi ò sì fẹ́ràn kí ohun gbígbóná wà nínú ọ̀rá. Iyán odó àkọ́kọ́ ni kó kọ́kọ́ jáde. Mo ti rí ibi tí wọ́n ti ń to tuntun lé ti àtijọ́, tí ẹni tó kẹ́yìn fi ń jẹ iyán agogo mọ́kànlá. Ẹ ní "iyán ogún ọdún a máa jóni lọ́wọ́". Òwe nìyẹn, kì í ṣe ọ̀nà ìtọ́jú oúnjẹ.

Ní ti ẹ̀rọ tó ń gún iyán, ẹ fi ọ̀kan pamọ́ sẹ́yìn, torí ọwọ́ lè já. Póńdò ńkọ́? Ẹni tó bá gbé póńdò wá sí Ọjọ́ Iṣu, kí ó gbé e pa dà.

Oúnjẹ yòókù

Ìdí tí mi ò fi ń dá iyán nìkan sè ni pé iṣu ní ìran. Dùndú yóò mú àwọn ọmọdé dúró kí odó tó bẹ̀rẹ̀. Àsáró, tí àwọn ará Èkìtì ń pè ní ẹ̀bẹ, ẹ jẹ́ kí àwọn ìyá méjì sè é lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, kí àríyànjiyàn orúkọ lè di ìdíje. Ará Ìjẹ̀bú kan á wà láàárín yín tó lè ro ìkọ́kọrẹ́. Ẹ ra ewùrà fún un, kì í ṣe iṣu funfun, kẹ́ ẹ kìlọ̀ fún ẹni tó máa rin ín pé kó fi epo pa ọwọ́, torí ó ń yún. Ewùrà yẹn náà ni wọ́n fi ń dín òjòjò. Ẹ pe aládùúgbò tó jẹ́ Hausa kó wá ṣe doya da kwai, iṣu tí wọ́n fi ẹyin bò dín. Ó máa ń kọ́kọ́ tán.

Fún àmàlà, ìwọ̀nba ni kẹ́ ẹ rò, kẹ́ ẹ sì fi bí wọ́n ṣe ń ṣe èlùbọ́ han àwọn ọmọ. Ẹ má dúró di ọjọ́ náà: ọ̀sẹ̀ méjì ṣáájú ni kẹ́ ẹ ti bẹ iṣu, kẹ́ ẹ rẹ ẹ́ mọ́jú sínú omi tó lọ́ wọ́ọ́rọ́ tí kò hó, kẹ́ ẹ sì sá a sórí ẹní. Afẹ́fẹ́ oṣù kọkànlá níbí á bá yín gbẹ ẹ́ ju bó ṣe ń gbẹ ní Ìbàdàn. Lọ́jọ́ náà ẹ gbé èyí tó ti di gbodo sórí àtẹ, ẹ fi mudu (abọ́ ìwọ̀n ọjà) èlùbọ́ tí wọ́n ti lọ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ọmọ mi obìnrin, tó ti pé ọdún mọ́kànlá, rò pé igi ni.

Ẹran: kí mùsùlùmí dú u, kí gbogbo ayé lè jẹ ẹ́. Ẹlẹ́dẹ̀ kò gbọdọ̀ wọ ìkòkò gbogbogbò. Ẹmu, tí ẹ bá fẹ́ ẹ, kí ó ní igun tirẹ̀ lẹ́yìn pápá.

Omi, iná, ìdọ̀tí

Omi píọ́ mẹ́ta fún èèyàn kan: 900. Àpò kan máa ń ní 20, nítorí náà ẹ ra àpò 45. Omi ìwẹ̀ àti ti ìdáná yàtọ̀ sí ìyẹn. Ẹ bá mai ruwa, ẹni tó ń ta omi, sọ̀rọ̀ láti ọjọ́ Ẹtì, ẹ kún dúrọ́ọ̀mù mẹ́rin. Ẹ fi ọṣẹ àti omi sí ẹnu ọ̀nà ibi ìjẹun.

Koríko máa ń ti gbẹ lásìkò yìí, atẹ́gùn sì lágbára. Ẹ gé koríko ibi ìdáná títí ilẹ̀ fi hàn, ẹ fi yanrìn sínú báàkẹ́tì mẹ́rin, ẹ má jẹ́ kí sílíńdà gáàsì sún mọ́ igi ìdáná. Nọ́ńbà pàjáwìrì ni 112; ẹ kọ ọ́ sára ògiri. Èèpo iṣu 115 á kún àpò púpọ̀: ẹ sá a gbẹ, ẹ fún àwọn tó ń sin ewúrẹ́ àti àgùntàn. Wọ́n á bá yín gbá ilẹ̀ nítorí rẹ̀.

Owó

Mi ò ní kọ iye kankan, torí iye iṣu tí mo bá kọ lónìí á ti di ìtàn kó tó dọ́jọ́ yín. Bí mo ṣe ń pín in ni mo lè sọ: nínú náírà mẹ́wàá, márùn-ún fún oúnjẹ, méjì fún kánópì, àga àti ìgbọ̀nsẹ̀, ọ̀kan fún ọkọ̀ àti iṣẹ́ ọwọ́, ọ̀kan fún omi àti ààbò, ọ̀kan tí ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ fọwọ́ kàn títí di ọjọ́ náà. Ẹ ta tíkẹ́ẹ̀tì oúnjẹ ní owó pọ́ọ́kú. Ọ̀fẹ́ ló ń mú kí èèyàn 300 di 700. Àwọn tó bá fẹ́ ṣèrànwọ́, ẹ má gbowó lọ́wọ́ wọn tí ẹ bá lè gba iṣu tàbí epo. Kí àkápò gbé rìsíìtì sórí WhatsApp kí ọ̀sẹ̀ tó parí.

Ọjọ́ náà

Ẹ má tẹ́ tábìlì àwọn èèyàn ńlá síwájú. Odó mẹ́rin ni kó wà níwájú, kí àga yí i ká. Ẹni tó bá fẹ́ sọ̀rọ̀, ìṣẹ́jú mẹ́ta, lẹ́yìn oúnjẹ. A ti fi èyí ran ẹgbẹ́ mẹ́ta lọ́wọ́, kò sì sí ọ̀gá kan tó bínú. Ọwọ́ wọn kún fún iyán.

Láàárín odó kan àti ìkejì, ẹ ṣe ìdíje iṣu bíbẹ fún àwọn ọkọ, kẹ́ ẹ wọn èèpo tí wọ́n bẹ dà nù: ẹni tí èèpo rẹ̀ fúyẹ́ jù ló gbà á. Ẹ gbé òṣùwọ̀n síbi tí àgbẹ̀ lè wọn iṣu tó tóbi jù. Igun tí mo fẹ́ràn jù ni ti àgbẹ̀: ẹ bẹ àgbẹ̀ kan láti Kwali tàbí Kuje kó wá pẹ̀lú ọkọ́, kó kọ ebè kan níbẹ̀, kó fi han àwọn ọmọ bí wọ́n ṣe ń gé iṣu sí èbù, kí wọ́n fi eérú nu ojú tó gé, kí wọ́n jẹ́ kó gbẹ kó tó wọlẹ̀. Tó bá ń bọ̀ láti Kwali, ẹ ní kó bá yín ra ìkòkò amọ̀ méjì fún àtẹ. Ìlú Ladi Kwali ni, ìyá amọ̀kòkò tí àwòrán rẹ̀ wà lẹ́yìn owó náírà 20; àwọn ọmọ yín ti ná an kí wọ́n tó mọ orúkọ rẹ̀.

Ní agogo mẹ́ta, ẹ lu iṣu àtẹ ní gbànjo. Ní mẹ́rin, ẹ tú kánópì. Odó tí ẹ yá, ẹ fọ̀ ọ́ lójú ẹsẹ̀ kó tó gbẹ, torí iyán tó bá gbẹ mọ́ odó, ọ̀bẹ ni wọ́n fi ń ha á, ìyá tó ni ín kò sì ní yá yín lọ́dún tó ń bọ̀.